Ajá Tó Ń Gbààwẹ̀ Nílé Wa

Ìmọ̀ ìlera ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama l'Ọ́fà. Mo lè kọ àmì àìsàn lẹ́sẹẹsẹ sójú pátákó láì wo ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí kò wúlò fún nǹkan kan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Èmi ni mo mú ajá wọlé lẹ́yìn tí àwọn olè kó ewúrẹ́ wa lọ. Bàbá mi, Alhaji tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣòfin: ajá kò gbọdọ̀ wọ pálọ̀, itọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan aṣọ tàbí abọ́ ẹnikẹ́ni. Abọ́ tó bá fẹnu kàn, ẹ̀ẹ̀méje la ó fọ̀ ọ́, a ó sì fi erùpẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú méjèèje. Ajá gbọ́ gbogbo òfin yìí tán, ó wá mú Alhaji gan-an lọ́gàá. Bí wọ́n bá ń lọ kírun Àsárì, á tẹ̀ lé wọn dé ẹnu géètì mọ́sálásí, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀, á sì sìn wọ́n padà wálé. Wọn kì í bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn máa ń rọra rìn ni.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá, ajá ò jẹun mọ́. Ìyá mi wo abọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n pariwo pé, "Ẹ wá wo nǹkan o! Ajá yìí ń gbààwẹ̀!" A rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà tó múlé tì wá, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ní òun ò tíì rí ajá tó yan ẹ̀sìn rí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó nà gbalaja sí, tí ojú ẹ̀ wálẹ̀, mo fi sórí sítétọ́ọ̀sì mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mùsùlùmí òdodo." Gbogbo àmì tí mò ń kọ sójú pátákó ló wà nínú fọ́tò yẹn, mo sì yà á kó mọ́lẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi nìkan ló ti ìrun Àsárì dé.

"Ọjọ́ mélòó lajá yìí ti ń gbààwẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹta rèé, Daddy." Mo tún rẹ́rìn-ín.

"Ta ló rí i níbi tó ti ń ṣínu?"



Mo lọ kúnlẹ̀ ti ajá. Mo ká ètè rẹ̀ sókè: èrìgì tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí ẹ̀kọ. Ibi tó tọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pọ́n bíi sobo. Eégbọn kún inú etí rẹ̀, kò sì lè dìde. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ.

Ọ̀nà Ìjàgbò ni dókítà ẹranko wà. Ọlọ́kadà ní òun ò gbé ajá, àfi bí ẹnìkan bá gbé e sí itan. Mo sáré wọlé lọ wá àpò ìrẹsì tí n ó fi wé e. Kí n tó jáde, bàbá mi ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà pẹ̀lú jàlàbíà funfun, ajá wà ní itan wọn, itọ́ rẹ̀ ń ṣàn sí wọn láyà. Àwọn tí wọ́n jọ kírun dúró, wọ́n ń wò. Mo gun ọ̀kadà mìíràn tẹ̀ lé wọn.

Dókítà ní eégbọn ló kó àìsàn sí i lára, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fa omi sí i lára, ó ní òun ò lè ṣèlérí. Ó wá bi mí pé kí ló dé tí a ò tètè wá. Mo ní a rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà ni. Dókítà rọra gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Dókítà fún bàbá mi lómi inú ọ̀rá. Wọn ò mu ún. Wọ́n da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sí ajá lẹ́nu, a sì ń wò ó. Ó pẹ́ gan-an kó tó yọ ahọ́n, kó tó lá a.

"Ó ti ṣínu," ni bàbá mi wí. Wọ́n wá mu tiwọn.