Ewúro Tí Mo Fẹ́ Pa

Òórùn ewúro tí a ń fún ni mo fi máa ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Òórùn náà ti korò kó tó dé ẹnu. Láàárọ̀ tí mò ń sọ yìí, mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi, abọ́ ńlá wà láàárín ẹsẹ̀ mi, omi aláwọ̀ ewé tó ń hó bí ọṣẹ sì bò mí dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń kọjá lọ sí ilé ìwé nínú aṣọ kakí wọn. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Àkànní eléwúro! Ọwọ́ rẹ ti dàbí ẹnu ewúrẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yà sọ́nà Oko-Akarè.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. N kò tíì fẹsẹ̀ kan ilé ìwé.

Ìyá mi kì í gbin ohun tó ń tètè kú. Ó ní ewúro mẹ́ta, ẹfinrin, ata wẹ́wẹ́ kan tó dàgbà jù mí lọ, àti gbúre tó ń hù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. "Gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, jẹ ẹ́ títí o fi darúgbó," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí mo bá sì fajú ro nídìí ọbẹ̀, á ní, "Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro." Mo dúró de adùn náà fún ọdún púpọ̀. Kò wá.

Ọjọ́ tí mo bi bàbá mi léèrè ìgbà tí èmi náà yóò lọ sí ilé ìwé, ó ń jẹ ọkà lọ́wọ́. Ó gbé òkèlè mì, ó ní, "Tí o bá lọ, ta ni yóò máa fọ ewúro?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi fẹ́ràn àwàdà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí ẹní mi, mo rò ó dáadáa: bí kò bá sí ewúro, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà Ikpinlè, ìyá mi lọ sọ́jà, bàbá mi wà lóko. Mo mú àdá, mo gé ewúro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lulẹ̀. Mo kó ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ pọ̀, n kò mọ ibi tí mo lè kó o sí. Mo wá rántí pé ọgbà tó yí balùwẹ̀ ká ti wó lápá kan. Mo gé àwọn igi náà ní gígùn kan náà, mo rì wọ́n sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé, mo sì fi okùn dì wọ́n pọ̀. Ta ni yóò wá òkú nínú ọgbà balùwẹ̀?

Ìyá mi dé, ó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Àkànní, kí ló ṣe ewúro mi?"

"Ìyá mi, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo kùkùté. "Ewúrẹ́ wo ló mú àdá?"

Mo retí pàṣán. Kò nà mí. Ó kàn ní, "Ewúro kì í kánjú," ó sì lọ já gbúre.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jẹ gbúre. N kò gbádùn oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ rí. Láràárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ mi mọ́, mo ń retí kí bàbá mi mú mi lọ sí ilé ìwé. Á kọjá lára mi, á kí mi, á lọ sóko.

Òjò dé. Kùkùté mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ rúwé, mo sọ fún ara mi pé kékeré nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi lọ wẹ̀, a gbọ́ igbe rẹ̀. A rò pé ejò ni. Bàbá mi gbé igi sáré lọ. A bá ìyá mi tó ró aṣọ mọ́ àyà, tó ń nawọ́ sí ọgbà. Gbogbo igi tí mo rì ló ti rúwé. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mẹ́ta lo pa," ó ní. "Mẹ́tàdínlógójì ló jí."

Bàbá mi sọ igi ọwọ́ rẹ̀ nù. "Irú ọwọ́ wo rèé! Kí ni ọmọ yìí ń wá nílé ìwé? Oko ló yẹ ẹ́!"

Ìgbà yẹn ni ẹkún gbọ̀n mí. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé nítorí ewúro ni n kò ṣe lè lọ! Mo fẹ́ kó kú ni, kí n lè lọ!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Bàbá Àkànní, ẹ̀yin lẹ béèrè ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́. Ó ti pọ̀ sí i báyìí. Ẹ̀yin náà ni."

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo ga ju gbogbo kíláàsì àkọ́kọ́ lọ débi pé mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, bi mí pé ọmọ ta ni mo mú wá. Láràárọ̀, bí mo bá ń jáde nínú kakí mi, bàbá mi á ti jókòó ti abọ́, omi ewúro á bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Kì í wo ojú mi.

Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí báyìí. Ewúro ni ọgbà ẹ̀yìn ilé mi, láti ara igi balùwẹ̀ yẹn ni mo ti gé e. Nígbà ayé ìyàwó mi, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ń fọ̀ ọ́, ọbẹ̀ á sì dùn. Nídìí ọbẹ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìyá mi kò purọ́ nípa adùn. Èmi ń fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó ṣì ń korò. Àwọn ọmọ mi ní kí n máa ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ lọ́jà. Mo tún lọ já ewé.

Ọmọdé yẹn rò pé ìwé ni yóò gba òun lọ́wọ́ abọ́ ewúro. Mo mọ̀wé. Láàárọ̀ yìí, mo jókòó ti abọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọjá, ọwọ́ mi sì dàbí ẹnu ewúrẹ́.