Sálúbàtà Pupa Nínú Odò Agbowó

"Ta ló ni sálúbàtà yìí?"

Inú odò ni olùkọ́ wa dúró sí, wọ́n ká ìró wọn sókè, omi sì dé agbedeméjì ojúgun wọn. Wọ́n fi ọ̀pá oparun gbé sálúbàtà pupa kan tí okùn rẹ̀ ti já sókè. Àwa ọmọ kíláàsì kejì tò sí etí odò kékeré tí ó ń ṣàn lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Agbowó, a di imú, a sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.

"Tèmi ni, mà," ni mo wí níkẹyìn.

"O ṣeun tí o kò purọ́. Láti Sátidé ni ó ti ń rìn bọ̀ láti ilé yín. Ó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ jù ọ́ lọ, ìwọ tí o máa ń pẹ́ dé."

Ní àwọn ọdún 1980 yẹn, ìjọba ológun ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù máa gbá àyíká rẹ̀ ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn oṣù. A ó gbálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi máa dán. Wolé-wolé yóò dé, yóò wo ojúlé, yóò mi orí, yóò sì lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí ìdọ̀tí gbà. Bí òjò bá ti ṣú, bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó kórìíra ẹ̀gbin, yóò pariwo pé, "Ẹ tètè dà á sí gọ́tà kí omi gbé e lọ!" A gbà pé ìmọ́tótó nìyẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni olùkọ́ wa, onígbàgbọ́ Onítẹ̀bọmi. Aṣọ wọn a máa rùn fún kafúrà, ìka wọn a sì máa funfun fún ṣọ́ọ̀kì. Ó ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Àwọn olùkọ́ yòókù a máa pe ọ̀rọ̀ nípa àyíká fún wa kí a kọ ọ́ sílẹ̀, tiwa a wí pé, "Ẹ pa ìwé dé, ó yá, ìta." Lójú fèrèsé ni wọ́n to ìgò omi odò sí. A ó jókòó, a ó máa wo bí iyanrìn, eérú àti ọ̀rá já-n-já ṣe ń yà sọ́tọ̀ nínú ìgò.

Àwọn òbí bínú. Wọ́n kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé àwọn kò rán ọmọ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti wọ gọ́tà. Bàbá mi wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá àgbà, ẹni tí olùkọ́ wa lè bí, wá sí kíláàsì wa.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn lọ sódò mọ́. Bí ẹ bá tún lọ, màá ní kí wọ́n gbé yín lọ sí ìgbèríko."

"N kò ní kó wọn lọ sódò, ọ̀gá. Odò ni yóò wá bá wọn."

Bí ọ̀gá àgbà ti jáde, olùkọ́ wa sọ fún wa pé ní Sátidé tí ó ń bọ̀, kí a má da nǹkan kan sí gọ́tà. Kí a dì í sínú àpò, kí a gbé e wá ní ọjọ́ Ajé.

Sátidé náà dé, òjò ṣú. Mo di àpò mi mú.

"Ṣé etí rẹ di ni? Dà á!" ni bàbá mi wí.

"Mo ń gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni, sà."

"Ìdọ̀tí?"

"Tiwa ni, sà."

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n wọn kò gbá mi. Òjò bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo dúró sí pẹ̀lú àpò náà títí ó fi dá.

Ní ọjọ́ Ajé, iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni a da gbogbo rẹ̀ sí. A ṣà á: ọ̀rá lọ́tọ̀, agolo lọ́tọ̀, èèpo iṣu lọ́tọ̀. Ọ̀gá àgbà ṣílẹ̀kùn, ó fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ìdọ̀tí ilé mẹ́rìnlélógójì péré nìyí, ọ̀gá," ni olùkọ́ wa wí. "Ẹ sọ ibi tí a ó dà á sí fún wa."

Ó wọlé padà, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí lẹ́tà fi dé pé kí olùkọ́ wa lọ máa ṣiṣẹ́ ní ìgbèríko. Ní ọjọ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn, wọ́n kọ́ wa títí agogo ìkẹyìn fi lù, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn nu pátákó, wọ́n sì kọjú sí wa. "N kò tọrọ àforíjì. Ẹ̀yin náà, ẹ má tọrọ."

Irun tèmi náà ti funfun báyìí. Ní Bódìjà tí mo ń gbé, Màmá Gọ́tà ni àwọn aládùúgbò ń pè mí. Bí òjò bá ń rọ̀ tí mo rí ẹni tí ó ju ọ̀rá ìdọ̀tí sí gọ́tà, màá yọ ọ́, màá sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ gbàgbé ẹrù yín," ni màá wí. Àwọn mìíràn a bú mi. Màá dúró níbẹ̀ nínú òjò títí wọn yóò fi gbà á.