Ìyá Oníìṣó àti Àga Mẹ́fà Dókítà

Wọ́n ní ọkùnrin ló gbé e lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti kárí àdúgbò: pé ìyàwó ilé onígéètì aláwọ̀ ewé, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí kì í gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni, ti fi ilé ọkọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nítorí ọmọkùnrin kan tó ń fi aṣọ bo àga. Wọ́n ní láàárọ̀ kùtù ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwa tí a mọ̀ ọ́n, a ò gbà á gbọ́ tán, a ò sì sọ pé irọ́ ni. A gbàdúrà fún un. A gbà á débi pé ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí, inú àdúrà ló ti gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run foríjì wá.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá: ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Àga ni wọ́n máa ń kó dí ẹnu ọ̀nà iwájú.

Iṣẹ́ ló ń kọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí orúnkún rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó jí, ló gba òòlù lọ́wọ́ ọmọ tó fi ọdún kan péré ju àkọ́bí rẹ̀ lọ. Nígbà tó gba yàrá kan, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ó rí àga kan tí wọ́n jù sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin aláàga náà pé kó bá òun tún un ṣe. Aláàga ní ọwọ́ òun dí, àfi tó bá lè dúró. Ó dúró. Ó dúró di ìrọ̀lẹ́, ó ń wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti dúró sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọmọkùnrin náà na òòlù sí i.

"Mà, bẹ́ ẹ bá máa wò mí báyìí, ẹ kúkú máa ràn mí lọ́wọ́."

Lóṣù àkọ́kọ́, ìkíni nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Obìnrin náà ń sáré kó lè tètè kí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá ń sáré kó lè tètè kí ìyá. Àwọn méjèèjì á jọ kí ara wọn pọ̀, wọ́n á jọ dákẹ́, wọ́n á tún jọ bẹ̀rẹ̀. Bó ti wù kí iṣẹ́ bàjẹ́ tó, Ọ̀gá kò lè bínú sí i bí ọ̀gá ṣe ń bínú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," á ní, "ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe gé fóòmù yìí, bíi búrẹ́dì tí eku jẹ." Ìbáwí tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣe máa ń ta ni lára ju èébú lọ.

Iṣẹ́ yìí ní òfin kan tó yà á lẹ́nu: ìṣó kékeré kì í gbé inú àpò, ẹnu ló ń gbé. Ọwọ́ òsì á fa aṣọ le mọ́ igi, ahọ́n á ti ìṣó kan jáde, òòlù tó ń fa irin mọ́ra á gbà á létè, á sì kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà iṣẹ́. Àwọn tó ń kọjá lọ rí orí ìṣó tó ń dán láàárín ètè rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Oníìṣó. Kò bínú sí i. Ó ti jẹ́ ìyá ẹlòmíràn tipẹ́, kò burú kó jẹ́ ìyá ìṣó.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ kò sì bà á lẹ́rù, torí ó mọ ohun tó fà á. Èyí tó ti ilé wá ni kò rí ìdí rẹ̀ títí dòní.

Ọkọ rẹ̀ kò nà án rí. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti ṣàlàyé nìyẹn. Kì í mutí, kì í pẹ́ níta, oúnjẹ kì í wọ́n nílé. Àmọ́ lọ́dún méje sẹ́yìn, ó ń sọ ìtàn kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀, ìyàwó rẹ̀ gbé omi wọlé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ti sọ èyí fún wọn rí." Ìyẹn náà ni. Láti ọjọ́ náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ló ń rán. "Sọ fún ìyá rẹ pé iyọ̀ ti pọ̀." "Sọ fún ìyá rẹ pé mo ń jáde." Ìyá yìí á sì wà níbẹ̀, kò jìnnà tó ìgbésẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ ń jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń ka àkọ́sórí: "Màmá, Dádì ní iyọ̀ ti pọ̀." Ó tọrọ àforíjì, ó gbààwẹ̀, ó bẹ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin pé kó bá òun dá sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní, "Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀? Àdúrà tí àwọn mìíràn ń gbà nìyẹn."

Lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé ìwé gíga, inú ìyá dùn díẹ̀ lábẹ́ omijé. Ó rò pé dandan ni kí ọkọ òun bá òun sọ̀rọ̀ wàyí, torí kò sẹ́ni tó máa rán mọ́. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yanni lódì kì í ṣàìrí ońṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ológbò sọ̀rọ̀. "Sọ fún un pé gáàsì ti fẹ́ tán." Ológbò á wò ó, á wo ìyàwó, á sì máa lá ọwọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́wàá ló fara da ológbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò méjì, ó fún ẹranko náà lóúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í. "Sọ fún un pé mo ti lọ."

Ó ti tó ọdún kan àti oṣù díẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ kan, Ọ̀gá fi iṣẹ́ àkọ́kọ́ lé obìnrin náà nìkan lọ́wọ́: àga mẹ́fà tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé lọ́dọ̀ dókítà. Ó ní tí wọ́n bá dára, igun tó wà lẹ́bàá fèrèsé di tirẹ̀, kó máa gba iṣẹ́ tara rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin, ọkọ̀ á wá kó wọn.

Bí ẹni tó ti tọ́jú ilé fún ọgbọ̀n ọdún ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó tú awọ àtijọ́ kúrò láìfà á ya, ó nù ún, ó tẹ́ ẹ lé awọ tuntun, ó sì gé e ní déédéé rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó kan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán lọ́jọ́ Fráìdé. Ọ̀gá jókòó lé àkọ́kọ́, ó dìde, ó jókòó lé èkejì. Ó tu ìṣó ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Mà, ta lẹ gé awọ yìí fún? Àga ni, àbí ìdí àwọn aláìsàn?"

Ó wò ó. Awọ náà rì wọlé láàárín bí ibi tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni mo ṣe gé e, Ọ̀gá."

"Ibẹ̀ gan-an lẹ ti ṣì í. Awọ tó bá ti pẹ́ lórí àga kì í mọ bí àga ṣe rí mọ́. Bí ẹni tó ń jókòó lé e ṣe rí ló mọ̀. Igi ni kẹ́ ẹ wọ̀n, mà." Ó gbé awọ tó kù wá. "Èyí nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹ ó lè tú mẹ́fà palẹ̀ kí ọ̀la tó lọ?"

"Màá gbìyànjú."

Ó tún méjì ṣe kó tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, ètè rẹ̀ ti wú, apá rẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló bá lẹ́tà àkọ́bí rẹ̀: wọ́n ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la, òun àti Àǹtí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Dádì náà ti gbà láti wá.

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Kí a má parọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Balùwẹ̀ ilé onígéètì wà nínú ilé. Ti ibí, ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń lò ó. Ó gbàdúrà kúkúrú, irú èyí tí agara máa ń jẹ́ ká gbà: Olúwa, bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ "wá" lásán, màá palẹ̀ mọ́, màá tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti tún méjì mìíràn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kí àwọn àlejò tó dé. Ó ku méjì. Àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá rẹ̀, èyí tó rí lẹ́bàá ọ̀nà, ni ọkọ rẹ̀ jókòó lé. Àga náà kò rì lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ló wọn ìyẹn. Àǹtí gba bẹ́ẹ̀dì. Àkọ́bí fara ti ògiri.

"Ìyàwó wa," Àǹtí ní, "ṣé ibi tó o kó sí nìyí? Mo ti rí kọ́bọ́ọ̀dù tó tóbi jù ú lọ."

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Tèmi ní fèrèsé."

"Ṣé lóòótọ́ lọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn?"

"Òótọ́ ni. Kò sọ́jọ́ tí kì í bá mi wí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," àkọ́bí ní.

"Ẹ jẹ́ n bi í bó ṣe yẹ." Àǹtí tún ìjókòó ṣe. "Kí ni àbúrò mi ṣe fún ẹ gan-an? Ó nà ẹ́?"

"Rárá."

"Ó febi pa ẹ́?"

"Rárá o."

"Ó gbé obìnrin wálé?"

"Ológbò ni."

Àkọ́bí fọwọ́ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì. Àǹtí kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Orí rẹ̀ ti funfun sí i. Bọ́tìnì kan ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọkàn obìnrin náà rọ̀ débi tó fi ń fojú wá abẹ́rẹ́.

"Bàbá wọn, ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ohunkóhun."

Ọkùnrin náà fọwọ́ ra apá àga. Ó wúkọ́. Gbogbo wọn dúró dè é, Àǹtí pàápàá. Ó gbójú sókè, ó sì wo ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún ìyá rẹ pé ilé ti dọ̀tí. Kó máa bọ̀."

"Màmá, Dádì ní…" Àṣà ọdún méje ló ti ẹnu ọmọ náà yọ kó tó mọ̀. Ó pa ẹnu dé. "Dádì, Màmá wà níwájú yín."

"Mo ní kó o sọ fún un."

"Mo gbọ́," obìnrin náà ní.

Ó ti rò pé òun á sunkún. Nǹkan kan kò wá, àfi àárẹ̀ kan náà tó ti wà lára rẹ̀ láti àárọ̀, kò dín, kò lé. Ó wo aago: aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó mú òòlù lójú fèrèsé, ó mú téèpù, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

"A ò tíì parí ọ̀rọ̀," Àǹtí ní.

"Ẹ máa bá a lọ, Àǹtí. Ońṣẹ́ ṣáà wà nílẹ̀."

"Níbo ni ìyá rẹ ń lọ?" ọkùnrin náà bi ọmọ rẹ̀.

"Ẹ bi wọ́n, Dádì."

Kò bi í. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, ó kéré tán ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi sọ "wá." Àǹtí ti dìde. "Obìnrin tó bá dìde níwájú àgbà, tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu," ó ń sọ, "lọ́jọ́ tó bá fẹ́ padà wá, tó bá—"

Ó fa ìlẹ̀kùn náà dé pẹ̀lẹ́, torí ìlẹ̀kùn kò ṣẹ̀ ẹ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ bá àga méjì tó kù.