Àwọn Tó Pọ̀ Nínú Igbó Ọ̀ṣun

Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì ìjọba l'Óṣogbo dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ ọdún, tó ń wo èrò tó ń wọ́ lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, tó ní, "Họ́ì pọ́lọ́ì!" Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn mẹ̀kúnnù ni, àwọn tí kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Èmi akọ̀wé kékeré tí mo ń wọ bàtà gogoro lọ síbi iṣẹ́, mo ti yọ ara mi kúrò nínú wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo mú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ wòran. Mo fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà igbó kí òógùn họ́ì pọ́lọ́ì má baà kan aṣọ mi. Àfi bí èrò ṣe ya lù wá lójijì, tí ọwọ́ ọmọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo wò títí, orí èèyàn nìkan ni mo ń rí. Mo figbe bọnu.

Ọlọ́kadà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Aṣọ wo ló wọ̀, màmá?" Mo ní aṣọ pupa ni. Ó kígbe síwájú pé, "Ọmọdébìnrin aláṣọ pupa! Ìyá ẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà o!" Ẹni iwájú rẹ̀ gbà á, ó tún un kígbe, ẹlòmíì tún gbà á, títí ohùn náà fi wọ inú igbó lọ, tí n kò gbọ́ ọ mọ́. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó máa padà bọ̀: "Ẹ gbà á! Ẹ rọra o!" Ni mo bá rí aṣọ pupa lókè orí àwọn èèyàn. Ọmọ mi ló ń bọ̀, láti ọwọ́ dé ọwọ́: ọwọ́ tó kún fún gírísì, ọwọ́ ìyá arúgbó kan tó wọ ẹ̀gbà, ọwọ́ àwọn tí n kò tilẹ̀ rí ojú wọn. Ó sì ń rẹ́rìn-ín! Èmi ọmọ àlùfáà, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ tòun ti bàtà gogoro. N kò rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí mo lọ sílé l'Iléṣà, mo ròyìn fún bàbá mi, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n kọ́ èdè Gíríìkì nígbà ayé iṣẹ́ wọn. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ọ̀gá wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Gíríìkì ni. 'Àwọn tó pọ̀' ló túmọ̀ sí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn agbéraga ló sọ ọ́ di èébú. Àwọn àgbà tiwa ní èèyàn laṣọ."

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Títí dòní, n kò mọ ọwọ́ tó kọ́kọ́ gbé e sókè, n kò sì lè mọ̀ ọ́n láé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé l'Óṣogbo, torí ó lè jẹ́ òun.