Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Fọwọ́ Kàn Án?

Mo jágbe mọ́ màmá mi láàárọ̀ yìí, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Laptop mi ń ṣe update. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, iná ara ògiri nìkan ló ń lò. Mo wọ balùwẹ̀. Kí n tó jáde, màmá ti yọ wáyà rẹ̀. Laptop náà kọ̀, kò tàn mọ́.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

Wọ́n ní, "Iná ló ga jù, gílóòbù ń tàn yòò."

Mi ò tiẹ̀ gbọ́. Mo gbé laptop náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe ní Modákẹ́kẹ́, mo sì sọ ohun tí màmá ṣe fún un.

Ó ní, "Processor tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ ò kú. Ètò kékeré kan ló máa ń jí i, tó ń sọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe fún un. Ètò yẹn gan-an ni update ń tún kọ lọ́wọ́ tí iná fi gé. Màá tún un kọ. Ṣé ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n má yọ ọ́?"

Mi ò sọ. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn, látìgbà tí iná ti jó tẹlifíṣọ̀n wa, ni pé tí iná bá ti ga, kí wọ́n yára yọ gbogbo wáyà.

Mo délé, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò bínú.

Ìgbà tó yá, wọ́n rọra bi mí pé, "Jọ̀ọ́, ṣé mo lè pa fáànù?"

Ẹ gbà mí o. Báwo lẹ ṣe ń bẹ ìyá tó ti ní òun ò bínú?