Kẹ̀kẹ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Bá Mi Gbé ní Àgbọ̀wà

Ọdún mẹ́ta léraléra ni mo gba ipò kìíní nínú eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Eré yìí kì í ṣe ti títì ọlọ́dà o. Inú iyanrìn àti àbàtà là ń gbà. Níbi tí kẹ̀kẹ́ ò bá ti lè yí mọ́, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó gbé e kọ́ èjìká, a ó sì máa sáré. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á yọ ẹni tó ni ín kúrò nínú eré.

Nígbà tí mo bímọ, wọ́n ní ó parí fún mi. Ó dùn mí. Ọmọ pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí eré bọ́ sí Àgbọ̀wà, mo sì fẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún pe ìyá rẹ̀ ní kìíní. Ìyá ọkọ mi ló pọ̀n ọ́n tẹ̀lé mi. Mo ṣàlàyé òfin fún wọn nínú ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, èmi ni mo wà níwájú. Omi ọyàn ti rin aṣọ mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún, kẹ̀kẹ́ wà léjìká mi. Àfi bí kẹ̀kẹ́ ṣe fúyẹ́ lójijì. Mo wẹ̀yìn: ìyá ọkọ mi! Wọ́n ti gbé ọmọ fún obìnrin kan, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n di táyà ẹ̀yìn mú.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀!"

"Kí n fi kí ni sílẹ̀? Ìwọ tí ò ń tọ́mọ lọ́wọ́, o fẹ́ dá irin gbé lójú mi?"

"Ẹ ti bà á jẹ́!"

"Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀? Yáa rìn!"

Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n já a gbà lọ́wọ́ àgbà ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ dé òpin, àmọ́ adájọ́ ti fa igi lé nọ́ńbà mi. Ìyá ọkọ mi kọjú sí i: "Ṣé obìnrin kọ́ ló bí ẹ ni? O rí ìyá ọmọ tó ru ẹrù, ìwé lò ń kọ!"

Ó sú mi. Mo gba ọmọ, a wọ ọkọ̀ padà sí Ìtàmágà níbi tí à ń gbé. Gọ́tà wà láàárín títì àti ilé wa. Mo ti pọ̀n ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé kẹ̀kẹ́ náà. Ìyá ọkọ mi nawọ́ sí i, wọ́n tún yára fà á padà.

"Ṣé òfin yẹn dé ibí?"

Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹrẹ̀ Àgbọ̀wà ti gbẹ mọ́ ọn.

"Kò dé ibí, Màmá. Ẹ bá mi gbé e."