Iyọ̀ Tí Ìyá Mi Bù Sínú Kúlà

Tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Ìkòròdú jó, a ò sì rí iná fún ọjọ́ mẹ́ta. Firíìjì mi di àpótí lásán. Ìgò kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ, tí mo gbé wálé láti ibi iṣẹ́ ìwádìí wa, wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ ọdún kan gbáko ló wà nínú rẹ̀: purotéènì wínníwínní tí a fọwọ́ ara wa ṣe ní láàbù, tí a sì fi aró tó ń tàn sí lára. Tí a bá fà á sára eku tó ní jẹjẹrẹ, yóò lọ lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó jẹjẹrẹ náà, a ó sì rí i kedere lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọjọ́ Ajé la fẹ́ dán an wò níwájú ọ̀gá wa. Ó gbọ́dọ̀ tutù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dì. Tó bá dì, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé e sínú kúlà, mo wọ mọ́tò ní Gáréèjì Ìkòròdú, ó di Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ìyá mi tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo. Yìnyín kì í tán níbẹ̀. Kókó kan wà nínú ọmú ìyá mi nígbà náà, wọ́n ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Wọ́n bi mí ohun tó wà nínú kúlà.

Mo ní, "Ohun tó ń wá iṣan tó ń bọ́ irú kókó yín yìí ni. Ẹ má jẹ́ kó gbóná o."

Ó ti rẹ̀ mí, mi ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sì sọ pé kò gbọdọ̀ dì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ṣí i. Yéè! Ohun inú ìgò náà ti dì gbagidi. Iyọ̀ ń dán lórí yìnyín.

"Ta ló bu iyọ̀ síbí?"

"Èmi ni. Yìnyín ń yọ́. Bí a ti ń ṣe é fún ẹja nìyẹn, kó lè tutù dáadáa."

Inú bí mi burúkú. Mo jágbe mọ́ ìyá tó bí mi lójú gbogbo ọjà: "Ẹ ti bà mí láyé jẹ́! Ọdún kan! Ọdún kan gbáko!"

Wọ́n ń fi etí ìró wọn nu ìgò náà. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Tó bá yọ́, ṣé àwọn dókítà ò ní lè fà á sí mi lára mọ́ ni?"

"Sí yín lára kẹ̀? Ìyá mi, eku la ṣe é fún. Kì í ṣe oògùn. A kàn fi ń wo iṣan ni."

Wọ́n rọra gbé ìgò náà sílẹ̀.

"Eku," ni wọ́n wí. "Láti àná, kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò gbọ́wọ́ lé kúlà yìí ṣàdúà."

Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí. Oníbàárà kan dé, ó ń béèrè ẹja. Ìyá mi dìde, wọ́n dá a lóhùn.